Agégi ní Àbújá àti òfin owó-orí tuntun: èwo ló kàn yín, èwo ni kò kàn yín?

Láti January 1, 2026 ni òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ariwo tó ń lọ láàárín àwọn tó ń fi ayùn jẹun, láti ọ̀dọ̀ àwọn alápákó ní Dei-Dei dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá onílé gé igi ní Gwarinpa àti Asokoro, ti pọ̀ ju ohun tó wà nínú òfin náà lọ. Ẹnìkan á ní ẹni tí kò bá pa ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà lọ́dún kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn á ní gbogbo owó tó bá ti wọ àkáǹtì ni wọn yóò gé lára rẹ̀. Ẹnìkẹta á ní àwọn gómìnà Àríwá ti ní àwọn kò gba òfin náà, nítorí náà kò kan ẹni tó ń gbé lókè ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òótọ́ díẹ̀ nínú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì lè kó èèyàn sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àwọn gómìnà kúrò nílẹ̀. Àbá òfin mẹ́rin ni Ààrẹ Bola Tinubu fi ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní October 2024, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó-orí tí Taiwo Oyedele jẹ́ alága rẹ̀. Nínú àbá yẹn, VAT tí gbogbo wa ń san lórí ọjà yóò máa gòkè láti 7.5% títí yóò fi dé 15% ní 2030. Èyí tó sì bí àwọn gómìnà Àríwá nínú jù ni pé, nínú ìpín tó kan àwọn ìpínlẹ̀, 60% yóò máa tẹ̀lé ibi tí owó náà ti wá. Ní October 28, 2024, wọ́n pàdé ní Kaduna, wọ́n ní àwọn kò gbà. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé Èkó ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san VAT, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kano tàbí Sokoto ni wọ́n ti ta ọjà náà. Ní January 2025, àwọn gómìnà Gúúsù àti Àríwá jọ fẹnu kò: kí VAT dúró lórí 7.5%, kí wọ́n sì pín ti ìpínlẹ̀ báyìí, 50% lọ́gbọọgba, 30% gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti lo ọjà tàbí iṣẹ́, 20% gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn. Lápapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú 10% nínú VAT, ìpínlẹ̀ àti Àbújá ń mú 55%, káńsù ń mú 35%. Ààrẹ buwọ́ lu òfin náà ní June 26, 2025.

Ìjà lórí pípín nìyẹn. Kò sí gómìnà kankan níbẹ̀ tó ní kí agégi Àríwá má san owó-orí. Ẹni tó bá gbọ́ pé “Àríwá kọ̀ ọ́” tó wá fi owó sápò ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Àṣìṣe kan sì tún wà tó jẹ́ ti àwọn onígi gan-an: àwọn kan rò pé VAT orí pákó ń padà sí ìpínlẹ̀ tí igbó rẹ̀ wà. Rárá o. Bí wọ́n bá gé igi ní Taraba, tí wọ́n là á, tí oníbàárà rà á ní Àbújá, Àbújá ni wọn yóò kà á fún, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lò ó. Ohun tó máa ń bọ́ sọ́wọ́ Taraba lórí igi náà ni owó tí ẹ̀ka igbó ọba gbà kí igi tó kúrò nílẹ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá sí VAT.

Ohun kan tún kù nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú yìí. Ní December 2025, Abdussamad Dasuki láti Sokoto dìde ní Ilé Aṣojúṣòfin, ó ní ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìjọba kò bá ohun tí àwọn dìbò fún mu. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò ojú-ìwé òfin kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ béèrè èwo nínú ẹ̀dà rẹ̀ ni, kí ẹ sì gbójú lé èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fọwọ́ sí.

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Ibi tí bàtà ti ń ta agégi lẹ́sẹ̀ ni pé ọwọ́ tó ń gbowó ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn ló sì ń wọ aṣọ ìjọba. Àkọ́kọ́ ni Nigeria Revenue Service, èyí tí a mọ̀ sí FIRS tẹ́lẹ̀. Òun ló ń gba owó-orí ilé-iṣẹ́ tó ní “Limited” lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, òun náà ló ń gba VAT. Èkejì ni àjọ owó-orí ìpínlẹ̀, tó ń gba owó-orí èrè ẹni kọ̀ọ̀kan. Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò sì ní gómìnà, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀, FCT-IRS, tí òfin 2015 dá sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni káńsù mẹ́fà tó wà ní FCT, ìyẹn gbogbo agbègbè Àbújá: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà àti irú wọn ni ti káńsù. Káńsù kò láṣẹ láti béèrè owó-orí lórí èrè yín. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá ní kí ẹ mú ìwé èrè ọdún yín wá, ó ti kọjá ààlà rẹ̀.

Ibi tí ẹ ń gbé ló ń pinnu ìpínlẹ̀ tó ni owó-orí èrè yín. Ibí yìí gan-an ni ó ti máa ń dojú rú fún àwọn èèyàn wa. Ẹni tó ń gbé ní Nyanya wà ní FCT. Ẹni tó kọjá sí Mararaba ti bọ́ sí Nasarawa, ẹni tó ń gbé ní Suleja sì wà ní Niger, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Maitama ni ó ti ń gé igi láti Monday dé Saturday. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé tí ẹ ń gbé gan-an forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Garki kọ ìwé, tí ó wá ń san owó ilé ní Mararaba, lè rí ìwé gbèsè láti ìhà méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa sáré kiri láti fi hàn pé òun ti san.

Ẹ wàyí o, ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Òfin sọ pé ilé-iṣẹ́ kékeré, ìyẹn èyí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000 lọ, yóò san owó-orí ilé-iṣẹ́ ní 0%. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni “Limited”. Ọ̀pọ̀ agégi ló jẹ́ pé orúkọ òwò lásán ni wọ́n gbà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti òwò sílẹ̀, àwọn kan kò tilẹ̀ gba ìyẹn. Lójú òfin, orúkọ òwò kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ìwọ àti òwò náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, èrè rẹ jẹ́ èrè ẹni kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ ni wàá san án fún, 0% yẹn kò sì kàn ọ́. Ẹni tó sì ní “Limited” náà kò bọ́ tán: ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́, owó oṣù tó bá ń san fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá sì ní owó-orí nínú. Ìjìyà ẹni tí kò bá fi ìwé ránṣẹ́ ni ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Òdo lórí òdo lè di gbèsè báyẹn.

Fún ẹni kọ̀ọ̀kan, bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nìyí. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e, 18%. Lẹ́yìn èyí ó di 21%, 23%, títí dé 25% fún ohun tó bá kọjá ₦50,000,000. Lórí èrè ni o, kì í ṣe lórí gbogbo owó tó wọlé. Ẹ ó yọ owó tí ẹ ná láti fi ṣiṣẹ́ kúrò ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ó yọ ìdá 20% nínú owó ilé tí ẹ san lọ́dún, tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi agégi kan ṣe àpẹẹrẹ: ₦9,600,000 ló wọlé fún un lọ́dún. Ó ná ₦5,400,000 lórí bẹntiróòlù àti ọ́ìlì, ṣéènì àti irin gbọọrọ tí ṣéènì ń sáré lé, okùn ìgungi, àtúnṣe ẹ̀rọ, owó alágbàṣe, ọkọ̀ tó kó ẹ̀ka igi dànù. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦4,200,000. Ó ń san ₦1,000,000 fún ilé, nítorí náà ó yọ ₦200,000. Ó ku ₦4,000,000. Nínú rẹ̀, ₦800,000 kò ní nǹkan kan. ₦2,200,000 mú ₦330,000 wá. ₦1,000,000 tó kù mú ₦180,000 wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦510,000. Kí a wá sọ pé kò ní ìwé ìnáwó kankan, tí agbowó-orí sì wo àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì tí ó ka gbogbo ₦9,600,000 sí èrè. Lẹ́yìn ₦200,000 ti owó ilé, ó ku ₦9,400,000, owó-orí rẹ̀ sì di ₦1,482,000. Àìkọ nǹkan sílẹ̀ nìkan ti gba ₦972,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí òṣèlú tàbí òfin tuntun kan nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Nítorí náà, ìwé ìnáwó ni iṣẹ́ gidi. Ilé epo kì í sábà fún ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá ní risítì. Ẹ béèrè, bí wọn kò bá sì fún yín, ẹ kọ ọjọ́, ilé epo, iye lítà àti iṣẹ́ tí ẹ lò ó fún sínú ìwé, kí ẹ sì fi káàdì tàbí tiransifá san án kí báńkì lè jẹ́rìí. Iye yẹn gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ̀rọ tó ń gba 50 sí 1, ìyẹn bẹntiróòlù ìwọ̀n 50 sí ọ́ìlì ìwọ̀n 1, ń jẹ mílílítà 100 ọ́ìlì nínú lítà 5 bẹntiróòlù; ẹni tó kọ lítà 1,000 bẹntiróòlù sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, tí risítì ọ́ìlì rẹ̀ kò sì ju lítà 3 lọ, ti fi ara rẹ̀ hàn pé nǹkan kan lọ sínú ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ ilé. Alágbàṣe náà, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye tó gbà. Ẹ̀rọ ayùn tuntun yàtọ̀ díẹ̀: kì í ṣe ọdún kan ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ tán, wọ́n ń pín in sí ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà risítì rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. Owó tí ẹ fi ra oúnjẹ ilé, owó ìwé àwọn ọmọ, aṣọ ẹgbẹ́, kò sí èyí tó jẹ́ ìnáwó iṣẹ́. Àkáǹtì kan fún iṣẹ́, òmíràn fún ilé, ni kò ní jẹ́ kí ẹ máa ṣàlàyé owó tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn.

March 31 ni ọjọ́ tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti fi ìwé ọdún tó kọjá ránṣẹ́. NIN yín ló di nọ́ńbà owó-orí yín báyìí. Nọ́ńbà CAC ni ti ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ olówó-oṣù, kì í ṣe alágbàṣe ojúmọ́, gbọ́dọ̀ yọ owó-orí wọn kó sì san án kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò ju ₦70,000 tí òfin fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, ẹ má yọ nǹkan kan lára rẹ̀.

Èyí tó kàn máa ń bí agégi nínú ni pé ẹ ṣiṣẹ́ ₦3,000,000 fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ₦2,940,000 ló wọ àkáǹtì. Kò sí ẹni tó jí i. Òfin ló ní kí wọ́n yọ 2% lórí iṣẹ́ bíi gígé igi kí wọ́n sì san án síjọba lórúkọ yín. Withholding ni wọ́n ń pè é, owó-orí tí ẹ ti san sílẹ̀ ni. Bí owó-orí ọdún yín bá jẹ́ ₦510,000 bíi ti àpẹẹrẹ òkè yẹn, tí wọ́n sì ti yọ ₦60,000, ₦450,000 ló kù. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà yín gan-an ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dúró títí March kí ẹ tó béèrè, akáǹtáǹtì tó mọ̀ nípa rẹ̀ lè ti kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni wọn yóò yọ: 2% á di 4%. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó bá gbé kọ́ńtíráàtì fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lè san ìtanràn ₦5,000,000, ìdí nìyẹn tí àwọn alábòójútó ẹ́síteeti fi ń béèrè nọ́ńbà yín kí wọ́n tó béèrè iye owó. Ilé-iṣẹ́ kékeré kò níláti yọ ohunkóhun bí iṣẹ́ náà kò bá ju ₦2,000,000 lọ lóṣù, tí ẹ sì ní nọ́ńbà. Onílé lásán, bàbá tó ní kí ẹ gé dógóńyárò tó da ewé sórí òrùlé rẹ̀, kì í yọ ohunkóhun. Ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ṣe ń kọ ìwé owó: ìháyà ẹ̀rọ lọ́tọ̀, 10% ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ agbẹ́rù gíga tí ẹ lò bá jẹ́ ara iṣẹ́ gígé igi náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ìlà “ìháyà” sí i láìnídìí.

Ti VAT kò le. Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá ju ₦100,000,000 lọ́dún, ẹ kò níláti fi VAT kún owó iṣẹ́ yín, ìyẹn sì kan orúkọ òwò náà. Ibẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù tí wọ́n ń pariwo ti ṣe agégi kékeré lóore. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ayùn ní ₦430,000 ní ṣọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀, ₦30,000 nínú rẹ̀ ni VAT. Kò sí ẹni tó máa dá a padà fún yín. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún VAT tó wá ń kọ 7.5% sórí ìwé owó kó lè jọ ilé-iṣẹ́ ńlá ń gba owó ìjọba sápò ara rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń ṣeré.

Owó epo ńkọ́? Wọ́n ti pariwo pé 5% ti kún owó bẹntiróòlù. Ó wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé Mínísítà Ètò Ìṣúná pàṣẹ, tí wọ́n sì tẹ àṣẹ náà sínú ìwé ìjọba. Ẹ má ṣe gbé e lé oníbàárà lórí ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ti báńkì, kò sí ẹni tó ń gé owó-orí lára owó tó bá kàn wọ àkáǹtì. ₦50 tó wà lórí tiransifá tó bá tó ₦10,000 ni ohun tó yí padà: tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbà á ló ń san án, láti January 2026, ẹni tó fi ránṣẹ́ ni.

Owó tó kù kì í ṣe owó-orí rárá, ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó wó igi ní Àbújá, ẹ̀ka Parks and Recreation ní FCTA, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso FCT, ni ẹ máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àgàgà igi etí títì. Owó àṣẹ ni, ó sì jẹ́ ìnáwó iṣẹ́, ẹ tọ́jú risítì rẹ̀. Ẹ sọ fún oníbàárà ní kíkọ ẹni tí yóò san án, nítorí àríyànjiyàn orí rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí igi ti wó. Fún àwọn tó ń kó gẹdú láti Kogi tàbí Taraba wá sí Dei-Dei tàbí Kugbo, àmì òòlù òṣìṣẹ́ igbó ọba lórí gẹdú àti ìwé tó bá a rìn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó igi fún ìpínlẹ̀ tó ni igbó. Nọ́ńbà ara ìwé àti àmì ara igi gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá tún gẹdú gé lójú ọ̀nà, àmì a máa bọ́ sí apá kan, èkejì a sì dà bí igi olè.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fi igi dí ọ̀nà, tí wọ́n ń ta sítíkà haraji (owó-orí lédè Hausa), ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Òfin owó-orí àti owó-òde tó jáde ní 1998 sọ pé ẹnikẹ́ni, títí kan àjọ owó-orí fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó-orí tàbí owó-òde. Ìjìyà rẹ̀ ni ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Mímọ òfin kò túmọ̀ sí pé kí awakọ̀ bá wọn jà lóru ní Lokoja. Kó gba risítì, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ orúkọ káńsù àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì kó gbogbo rẹ̀ jọ lọ sọ́dọ̀ àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ náà. Sítíkà tó wá láti káńsù márùn-ún ní ìrìn-àjò kan lágbára ju ẹjọ́ ẹnu lọ. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san owó-orí sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí àjọ owó-orí bá fi ìwé iye tí ẹ jẹ ránṣẹ́ tí kò sì tọ̀nà, ẹ má fi ìbínú ya á. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ìwé náà dé ọwọ́ yín ni ẹ ní láti kọ̀wé pé ẹ kò gbà, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ gbà pé ó tọ́ àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìnáwó yín. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ ọjọ́ lé. Bí wọn kò bá gbọ́, ilé-ẹjọ́ ẹ̀sùn owó-orí, Tax Appeal Tribunal, ló kàn. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 láìsí lẹ́tà, iye tí wọ́n kọ yẹn ti di gbèsè.